OWÓ TÁN LỌ́WỌ́ Ẹ̀, Ó TÚN Ń PE ÌJÀ! Kí ló yẹ kí olówó ṣe?

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òwe lásán nìyẹn, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982.

Ìdíje káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà ni. Ilé tẹ́tẹ́ Binion's Horseshoe ni wọ́n ti ta á, níbi tí Benny Binion ti dá ìdíje náà sílẹ̀ lọ́dún 1970. Èèyàn 104 ló wọlé sí i lọ́dún 1982 yẹn, oníkálukú sì san 10,000 dọ́là. Ṣíìpù ni ohun róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dípò owó nídìí tábìlì. 10,000 ni wọ́n kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tiẹ̀ bá tán, ilé yá nìyẹn. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹ̀ jọ ló mú ipò kìn-ín-ní.

Ọ̀kan nínú wọn ni Jack Straus, géńdé kan tó ga fíofío. Bí wọ́n ṣe ń ròyìn ẹ̀ títí dòní, Straus ti gbogbo ṣíìpù ẹ̀ síwájú, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ó dìde, ó fẹ́ máa lọ. Háà! Àṣé ṣíìpù 500 kan ṣoṣo ṣẹ́kù sábẹ́ bébà ìnuwọ́. Nítorí pé kò fẹnu ara ẹ̀ sọ pé gbogbo ohun tóun ní lòun fi lélẹ̀, wọ́n ní kó padà jókòó. 500 yẹn ló ń fi bá wọn fà á díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ṣíìpù tó wà nínú ìdíje náà, 1,040,000, fi di tiẹ̀. Dewey Tomko ló ṣe ipò kejì. 520,000 dọ́là ni Straus gbé lọ sílé.

Ìtàn yìí dùn gan-an létí ẹni tí owó ẹ̀ kù díẹ̀. Àmọ́ olówó tó jókòó tì í ńkọ́? Bí ẹni tó ti fẹ́ẹ̀ tán bá ṣàdédé kó gbogbo ìyókù ẹ̀ sílẹ̀, tó ní kí ẹni tó bá láyà wá bá òun, kí ni olówó máa ṣe?

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan á fi ẹ̀gàn bẹ̀rẹ̀: "Kí lèyí tiẹ̀ ní lọ́wọ́?" Káàdì jákujàku tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Àwọn kejì, ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n: "Ẹni tó lè kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ báyìí, káàdì ńlá ló wà lọ́wọ́ ẹ̀." Wọ́n á ju tiwọn sílẹ̀, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń ṣa owó wọn lọ. Ìṣirò ló yẹ kí àwọn méjèèjì ṣe.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Kí wọ́n tó pín káàdì, ó di dandan kí ẹnì kan fi 500 sílẹ̀, kí ẹnì kejì fi 1,000 sílẹ̀. Owó dandan yìí ń yí kiri tábìlì ni. Bó bá yí ká lẹ́ẹ̀kan, 1,500 ti lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ku 6,000 lọ́wọ́ ẹ̀, ìyípo mẹ́rin péré ló kù kí owó dandan fi jẹ ẹ́ tán. Kò láàyè àtimáa dúró de káàdì àtàtà. Èyí tó bá ti dára díẹ̀, á kó gbogbo ohun tó ní lé e ni. Ìdí nìyẹn tí ariwo ẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ máa lé olówó sá nígbà gbogbo.

Ó wáá kó 6,000 ẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ìyókù ju káàdì sílẹ̀, ó ku ẹni tó fi 1,000 dandan sílẹ̀. 6,000, pẹ̀lú 1,000, pẹ̀lú 500, 7,500 nìyẹn láàrin tábìlì. Kí ó tó lè dá a lóhùn, á fi 5,000 kún tiẹ̀. Bó bá jẹ, 12,500 ló máa kó. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, 50,000 ló ná. Bó bá jẹ nígbà mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá yẹn, 12,500 lọ́nà mẹ́rin, 50,000 náà ló kó padà. Kò jèrè, kò pàdánù. Ohun tó bá ti lé lórí mẹ́rin nínú mẹ́wàá, èrè ni. Kò di dandan kí káàdì tiẹ̀ ju ti ẹni yẹn lọ.

Bó bá jẹ́ 3,000 péré ni ẹni yẹn kó sílẹ̀, 2,000 ni wọ́n máa fi wá 6,500. Ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ tó. Bó bá jẹ́ 15,000, ọ̀rọ̀ ti yí padà: 14,000 ni wọ́n máa fi wá 30,500, àfi kí wọ́n máa jẹ ní bí ìdajì ìgbà.

Káàdì ńkọ́? Ọba àti ayaba, bí wọ́n bá pàdé éèsì àti 7, wọ́n á jẹ díẹ̀ ju ìgbà mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá. Ó tó dá lóhùn. Ṣùgbọ́n éèsì àti 7 tó bá pàdé éèsì àti ọba, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló máa jẹ. 5 méjì tó bá pàdé 9 méjì, ìgbà méjì nínú mẹ́wàá ni. Kò sẹ́ni tó ń rí káàdì ẹnì kejì, ìwà ẹni yẹn ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Ṣé ó ti ń kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ látàárọ̀ ni? Àbí ó ti jókòó jẹ́ẹ́ látàárọ̀, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí? A kì í fojú olójú sòwò ká jèrè.

Kí olówó tó sọ pé "ó yá," nǹkan mẹ́ta ló kù tó yẹ kó wò. Èkíní, kí ló máa ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ bó bá pàdánù? Ẹni tó ní 60,000 lè fara da 5,000. Ẹni tó ní 8,000, òun náà á di olówó kékeré lójú ẹsẹ̀. Ìkejì, ṣé ẹlòmíràn ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí kò tíì sọ̀rọ̀? Bó bá wà, 5,000 yẹn lè di ìjà ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ìkẹta, ṣé ó ti kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó? Bó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí yóò já, kí ìyókù gba owó, mẹ́rin nínú mẹ́wàá ò tó mọ́. Kó dúró de káàdì tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíìpù tó bá lọ nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń rà á padà.

Straus kú lọ́dún 1988, nídìí káàdì náà ni. 520,000 dọ́là tó gbé lọ lọ́jọ́sí, inú 10,000 dọ́là tí oníkálukú san ló ti jáde. Tẹ́tẹ́ ni pókà, owó tí ẹnì kan bá kó lọ, owó ẹlòmíràn ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó ọjà tàbí owó ilé ìwé ọmọ tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n ìṣirò tó wà nínú ẹ̀, gbogbo ọlọ́jà ló wúlò fún. Bí ẹni tí ọjà ẹ̀ kù díẹ̀ bá ń pariwo, kí aládùúgbò ẹ̀ má fojú di í, kó má sì sá fún un. Kó ka iye tó máa ná an, kó ka iye tó máa rí, kó ka iye tó máa ṣẹ́kù. Ìgbẹ̀yìn l'aláyò ń ta.