Owó Òru Ni Kí A Gbà, Kì Í Ṣe Owó Ẹrù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àpótí ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú.

Àwa kan nínú àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Ìkirè ni ó gba yàrá sí Àpòmù. Bí ẹrù wa bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó dé, awakọ̀ a sọ ọ́ kalẹ̀ ní gáréèjì, tàbí kí ọlọ́kadà já a sí ìsọ̀ ìyá onídòdò, nígbà tí olówó ẹrù wà ní kíláàsì. Nítorí èyí ni ilé wa ṣe ń gbèrò àtikan àpótí alágádágodo mẹ́rin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí yàrá 12 jọ máa lò ó. Èrò náà dára. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bu owó rẹ̀ ni mo lòdì sí.

Baba onílé wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní àwọn yóò kàn án, ṣùgbọ́n ẹrù kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé yóò san owó. Ẹ gbà mí! Kí ni ìyàtọ̀ èyí àti iṣẹ́ oníbodè? Àpòmù yìí kan náà ni ọjà ńlá níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láyé àtijọ́. Aáwọ̀ inú ọjà náà sì wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oníbodè ń gba owó lórí ẹrù tí ń kọjá. Ẹrù kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹrù tí ó wọlé láàárọ̀, tí a sì gbé lọ́sàn-án, kí ni ó jẹ nínú àpótí?

Àwọn mìíràn ní kí yàrá gbogbo máa dá iye kan náà lóṣooṣù. Kí ẹni tí kì í ra nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá máa sanwó fún ẹni tí bàtà ń dé fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!

Ẹrù tí ó wọlé kò ṣe wá ní nǹkan. Èyí tí ó kọ̀ tí kò jáde ni wàhálà. Bí ẹni mẹ́rin bá lọ sílé fún ìsinmi, tí ẹrù wọn ti àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, yàrá 8 yòókù kò ní àpótí mọ́. Nítorí náà, kí gbogbo wa jọ dá owó pákó, ìṣó àti àgádágodo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí òru méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti òru kẹta, kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ jókòó síbẹ̀ máa san, kí owó náà sì máa ga sí i. (Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ìyẹn tó ìjà mìíràn.)

Ní Jámánì, DHL ti ń lo irú àpótí yìí, tí wọ́n ń pè ní Packstation, láti 2001. Ẹni tí ń gba ẹrù kì í san owó àpótí, nítorí pé ó ń dín ìrìn awakọ̀ kù: ó dúró lẹ́ẹ̀kan dípò kí ó kan ilẹ̀kùn ogún ilé. Síbẹ̀, wọ́n ń ka ọjọ́. Ẹrù tí a kò bá gbé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn a dá a padà.

Wọ́n bi mí pé ta ni yóò máa ka òru. Àwọn baba wa ń pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí ẹni tí ń tà á. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń sọ iye rẹ̀, èrò ọ̀nà a sì fi owó sílẹ̀. Ṣé àwa tí a mọ̀wé kò lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sára ilẹ̀kùn àpótí?

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé ilé. Bí wọ́n bá fara mọ́ owó oníbodè, ìsọ̀ ìyá onídòdò ni ẹrù tèmi yóò ṣì máa dé sí.