Ẹ Má Ti Ìlẹ̀kùn Sáyẹ́ǹsì Mọ́ Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún tọkùnrin tobìnrin. A kò gbàgbé pé àwọn baba kan ń bèèrè nígbà náà pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé ọkọ ni yóò gbà lọ. Ìbéèrè náà kò tíì kú. Ó kàn ṣí kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni. Bí owó kòkó kò bá tó, ìwé fìsíìsì ti ọmọkùnrin ni a ó rà. A ó ní kí ọmọbìnrin lọ kọ́ ohun tí kò le.

Ta ni kò mọ fòníkú-fọ̀la-dìde nínú wa? Ìletò wo ni wọn kò ti sin ọmọ tí eegun ń ro títí ó fi kú, tí wọ́n pè é ní àbíkú, tí wọ́n sì fi abẹ kọ òkú rẹ̀ lára? Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì, jókòó ti irú àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ń wádìí bí òbí ṣe ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO àti ilé-iṣẹ́ L'Oréal fi ẹ̀bùn àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì dá a lọ́lá. Bí baba rẹ̀ bá ti ní kí ó lọ kọ́ ohun tí kò le ńkọ́?

Àwọn kan ní obìnrin tó kàwé jù kì í rọ́kọ fẹ́. Dókítà Abímbọ́lá Awóliyì gba oyè ìṣègùn ní Dublin ní ọdún 1938. Ó lọ́kọ, ó sì bímọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò tíì là. Ọdún 1958 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà sílẹ̀. Ọdún 2024 ni obìnrin kan, Margaret Ogúntàlà, tó kọ́kọ́ gorí àga ààrẹ rẹ̀. Ọdún 66 gbáko! A kò gbà pé ọpọlọ ni kò sí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá ta kòkó, ẹ yọ owó ìwé ọmọbìnrin sọ́tọ̀ kí ẹ tó dá aṣọ ọdún. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wọ́ọ̀dù. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò kọ́kọ́ sọ fún wa iye ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí yóò kọ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì sí, àti oṣù tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.