Kọnkéré Kò Lè Gbà Wá Lọ́wọ́ Omíyalé

Gbogbo ìgbà tí omi bá ti ya wọlé ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́. Wọ́n á sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n á sọ ọ́ ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, àwọn tó wọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Mókọ́lá náà á máa sọ ọ́: ìdọ̀tí ló dí odò, kí ìjọba kó kátapílà wá, kí wọ́n gbẹ́ odò náà kó tọ́, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, ó parí. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé kò parí síbẹ̀. Èrò yẹn kò tọ̀nà, ó sì ti ń ṣe wá ní jàǹbá. Nítorí pé a gbà á gbọ́ ni a ṣe ń ta àkúrò, tí à ń fi yẹ̀pẹ̀ pupa kún un, tí à ń kọ́lé sórí rẹ̀, tí ọkàn wa sì balẹ̀ pé ọjọ́ tí gọ́tà ńlá bá dé, wàhálà tán.

N kò gbèjà ẹni tó ń da ìdọ̀tí sódò. Ìkà ni. Ọ̀rá, tìmùtìmù tó ti gbó àti igi tó há sẹ́nu afárá kékeré a máa dá omi padà sínú ilé àwọn tó wà lápá òkè afárá, gbogbo wa la ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn wọn mìlímítà 187.5. Lórí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, omi yẹn jẹ́ lítà mílíọ̀nù 187 àti ààbọ̀. Adágún Awba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ọdún 1964 ni wọ́n sé e, ohun tó sì lè gbà bó bá kún dẹ́múdẹ́mú jẹ́ nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 227. Bí a bá gbọ́n adágún náà gbẹ, òjò ọjọ́ kan yẹn lórí àdúgbò kan ṣoṣo yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un padà. Àdúgbò mélòó ló wà ní Ìbàdàn? Omi yẹn wọ oko ẹja yunifásítì, ó wọ ọgbà ẹranko, ó gbé afárá Àpẹtẹ́ lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100 káàkiri ìlú. Ká tilẹ̀ ní kò sí ọ̀rá kan ṣoṣo nínú odò lọ́jọ́ náà, níbo ni omi tó tó báyẹn ì bá gbà?

Ó níbi tí ì bá gbà. Ibẹ̀ la kọ́lé sí.

Ẹni tó bá gun Òkè Màpó á rí i pé orí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó. Òkè wà, àfonífojì wà, yẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta kò sì jìn ní ibi púpọ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀, kì í pẹ́ tí ilẹ̀ fi máa ń mu ún yó, omi á sì dorí kọ ìsàlẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró láyé ọjọ́un ni igbó tó wà lára òkè àti àkúrò tó wà nísàlẹ̀. Ní ẹ̀yìn ìlú, ní Àpẹtẹ́, Ajíbọ́dẹ, Akóbọ àti Olódó, odò kékeré tí ọmọdé lè fò kọjá nínú oṣù kejì ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ́tùn-ún lósì, tó fẹ̀ ju odò náà fúnra rẹ̀ lọ níye ìgbà. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kókò, ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe dáadáa, ibẹ̀ náà ni ewédú tí à ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn ti ń wá. Bí odò bá kún, á gun orí ilẹ̀ yìí, á tẹ́ rẹrẹ, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, á wá máa fà díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní ilẹ̀ òfìfo. Irọ́ ni. Ara odò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù díẹ̀ péré ni odò ń lò ó láàárín ọdún.

Ẹja náà nílò ilẹ̀ yìí. Ẹ wo ẹja àrọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, inú kòtò omi dúdú tí ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn á ti kú ló máa ń wà, torí ó lè yọrí sókè omi kó fi mí. Nígbà tí òjò bá wá dé tí odò gun etí, akọ àti abo á kúrò lójú odò, wọ́n á wọ inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, níbi tí omi kò ti jìn. Ibẹ̀ ni abo ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà á lẹ̀ mọ́ ara koríko, láàárín ọjọ́ kan sí méjì yóò pa, àwọn ọmọ á sì dàgbà nínú omi pẹ̀lẹ́ yẹn kí wọ́n tó bá omi fà padà sójú odò. Gọ́tà oníkọnkéré kò ní koríko, kò ní etí tí omi lè gùn. Àrọ̀ kò lè pamọ síbẹ̀, akàn kò lè gbẹ́ ihò síbẹ̀. Àwọn ọmọ lámilámi tó ń gbé abẹ́ omi, tí wọ́n ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ wọn kò lè gbé inú omi ìdọ̀tí. Ẹ̀fọn ló ń ṣẹ́kù, torí irú kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé omi gọ́tà tó dúró sójú kan gan-an ló fẹ́. Ẹni tó bá ní ká fi kọnkéré tẹ́ odò kí ẹ̀fọn lè dín, ẹ̀fọn ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Iṣẹ́ tí kọnkéré ń ṣe kò ju pé ó ń mú omi yára lọ. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń gbá nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Omi tó sì tètè kúrò ní àdúgbò yín kò kúrò láyé, ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tó ń gbà á. Ibi tí kọnkéré bá parí sí ni odò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, tí ìpìlẹ̀ ilé onílé á máa hàn síta. Omi àwọn ẹ̀ka odò tí ì bá máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan á wá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àdúgbò tó wà lókè á máa dúpẹ́ pé àwọn ti bọ́, àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ á máa sunkún.

Ẹ tún wo inú ọgbà yín. Púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 100 lóròó: bí òjò mìlímítà 50 péré bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó lé ní lítà 23,000 ló bọ́ síbẹ̀. Tánkà méjì onílítà 10,000 kò lè gbé e tán. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ igbó, ilẹ̀ ń mu nínú rẹ̀. Nísinsìnyí tí páànù bo ìdajì, tí íńtálọ́kì bo ìyókù láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń jáde sójú títì. Ẹ ka iye ilé tó wà ní òpópónà yín kí ẹ fi ṣe ìsọdipúpọ̀.

Ẹlòmíì á ní: odò Ògùnpa tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ṣeé gbàgbé, èèyàn tó lé ní 200 ni Ògùnpa gbé lọ. Àwọn tó ní kí wọ́n fi kọnkéré ṣe é ní ẹjọ́ tó dáa. Àárín ìlú ni, ilé ti kún etí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò sí ilẹ̀ tí omi lè tẹ́ sí mọ́. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún Ògùnpa nígbà tí ọ̀nà mìíràn ti tán, àwa fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ọ̀nà mìíràn ṣì wà.

Níbòmíràn, wọ́n tilẹ̀ ti yí kọnkéré padà. Ní Singapore, odò Kallang ní àdúgbò Bishan jẹ́ gọ́tà kọnkéré gbọọrọ tẹ́lẹ̀ fún kìlómítà 2.7. Wọ́n fọ́ kọnkéré náà. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i padà fún aráàlú: odò tó ń lọ́ kiri fún kìlómítà mẹ́ta, koríko lọ́tùn-ún lósì. Bí ojú ọ̀run bá dá, ọmọdé ń ṣeré lórí koríko náà. Bí òjò ńlá bá dé, wọ́n á kúrò fún omi. Kì í ṣe àìní sìmẹ́ńtì ló mú wọn ṣe é. Ní tiwa, ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí dọ́là mílíọ̀nù 200 láti yá wa fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tó láti ra gbogbo àkúrò tí a ti kọ́lé bò padà.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kó má lọ wò ó lóṣù kìíní. Kó lọ lóṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, kó wo ibi tí ẹrẹ̀ dé lára igi. Kó bi ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀ ibi tí omi máa ń gùn dé, kó má bi ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹni tó ti kọ́lé, kó jẹ́ kí ilẹ̀ díẹ̀ mí nínú ọgbà, kó sì gbé táǹkì sábẹ́ páànù.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ìlú, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nípàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n tó bu owó gọ́tà fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ dìde dúró kí ẹ béèrè iye àkúrò tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yín àti ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n gbé òpó sí ààlà rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tà á.