Jámánì ti pa iná núkílíà: kí ló kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbẹ̀?

Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2023 ni Jámánì ti iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà mẹ́ta tó kù fún un pa: Isar 2, Emsland àti Neckarwestheim 2. Ní ọdún 2010, núkílíà ló ń pèsè ju ìdá kan nínú márùn-ún iná orílẹ̀-èdè náà lọ.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Láti ìgbà ìjàmbá Chernobyl ní 1986 ni ẹ̀rù núkílíà ti ń ba ọ̀pọ̀ aráàlú. Ní ọdún 2000, ìjọba Gerhard Schröder bá àwọn iléeṣẹ́ náà ṣàdéhùn láti tì wọ́n pa díẹ̀díẹ̀. Ó tún ṣòfin pé ẹni tó bá fi oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ pèsè iná yóò máa gba iye owó kan pàtó fún ogún ọdún.

Angela Merkel sún ọjọ́ ìtìpa náà síwájú ní 2010. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjàmbá Fukushima ṣẹlẹ̀ ní Japan ní oṣù Kẹta, ọdún 2011, ó yí ìpinnu rẹ̀ padà. Mẹ́jọ nínú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n tì pa lọ́dún náà.

Èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ?

Lónìí, afẹ́fẹ́, oòrùn àti àwọn orísun mìíràn tí kì í tán ló ń pèsè ju ìdajì iná Jámánì lọ. Àfojúsùn ìjọba ni kó di ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2030.

Àríyànjiyàn wà lórí bí wọ́n ṣe tò ó. Núkílíà kì í rú èéfín bíi ti èédú, síbẹ̀ òfin fàyè gba èédú títí di 2038. Friedrich Merz, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà pẹ̀lú Merkel, tó di olórí ìjọba ní 2025, wà lára àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìtìpa náà. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ewu pàǹtírí núkílíà kì í tán fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, Jámánì kò sì tíì rí ibi tí yóò sin ín sí.

Ọ̀rọ̀ wáyà náà tún wà níbẹ̀. Àríwá ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù, àmọ́ gúúsù ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá wà. Iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí SuedLink, wáyà ńlá tí yóò so méjèèjì pọ̀.

Gáàsì ilẹ̀ wa ńkọ́?

Gáàsì Rọ́ṣíà wà lára ohun tí Jámánì gbójú lé nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, tí oòrùn kò sì ràn. Ogun Ukraine dá ìyẹn dúró ní 2022. Olaf Scholz lọ sí Senegal ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó sì wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2023. Ọ̀rọ̀ gáàsì wà lára ohun tó bá àwọn olórí ibẹ̀ sọ.

Àmọ́ òfin Jámánì ní kí orílẹ̀-èdè náà má dá kún èéfín tó ń mú ayé gbóná mọ́ tó bá di 2045. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ gáàsì fi ń pa owó ìkọ́lé rẹ̀ padà. Ìjọba tó bá fẹ́ yáwó kọ́ ọ nítorí Jámánì ní láti kọ́kọ́ béèrè iye ọdún tí oníbàárà náà yóò fi rà á.