Ẹ Bá Wa Yọ̀: Shaihu Umar Pé Àádọ́ta Ọdún

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin nílé lóko! Ẹ kú oríire, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fíìmù! Lọ́dún 2026 yìí, ayọ̀ méjì ló wọlé pọ̀. Shaihu Umar, fíìmù Háúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, pé àádọ́ta ọdún. Ó sì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n rí i padà, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbà pé ó ti sọnù.

Ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ẹni tó di Olórí Ìjọba Nàìjíríà, ni wọ́n fi ṣe é. Nínú ìtàn náà, wọ́n jí Umar gbé lọ́mọdé, wọ́n tà á lẹ́rú, ó la aṣálẹ̀ kọjá dé Íjíbítì. Níbẹ̀ ni olówó rẹ̀ ti sọ ọ́ dọmọ, tó fi í sílé kéú, títí ó fi di àáfáà ńlá. Ìyá rẹ̀ náà sì dìde, ó ń wá a lọ. Ìtàn tí í wọni lọ́kàn ni!

Ta ni yóò wò ó ní Ìlọrin tí kò ní rí ilé ara rẹ̀ níbẹ̀? Ìlú àáfáà Shehu Alimi ni Ìlọrin, tí Yorùbá, Fúlàní, Háúsá, Tápà àti Bàrùbá jọ ń gbé, tí ọmọdé ń gbé wàláà lọ sílé kéú. Tiwa ni ayọ̀ yìí.

Ooru ni ọ̀tá fíìmù àtijọ́. Bí kò bá sí ní yàrá tútù, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á máa rùn bí ọtí kíkan, á súnkì, àwòrán ara rẹ̀ á sì pa rẹ́. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn gan-an nígbà tí wọ́n rí Shaihu Umar ní 2016 nínú ilé ìpamọ́ Nigerian Film Corporation ní Jos. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, ó di ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbé jáde, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlinale ní 2018.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Jos, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi! Ẹ̀yin ará Berlin, a dúpẹ́! Ẹ̀yin ẹbí Adamu Halilu, ẹ̀yin ẹbí Umaru Ladan àti ti gbogbo òṣèré yòókù tó kópa, iṣẹ́ àwọn èèyàn yín kò parun.

Ọdún 1976 yẹn náà ni Ola Balogun gbé fíìmù Àjàní Ògún jáde, tí Adé Love, ọmọ Àgbámú ní Kwara wa níbí, ṣe olú òṣèré rẹ̀. Fíìmù yẹn náà pé àádọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ ká kí i!

Ẹni tó pa nǹkan mọ́ ló jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin tí kásẹ́ẹ̀tì eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wà nínú àpótí yín, ẹ má dà á sórí ààtàn. Ẹ gbé e tọ àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú lọ.

Shaihu Umar, ọdún á yabo! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ṣì sọnù á di rírí, àwọn ọmọ wa á sì ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ tìlù tìfọn. Àmín, àṣẹ!