StarCraft: Géèmù Àtijọ́ Tí Àríyànjiyàn Rẹ̀ Kò Tíì Tán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Bí ọ̀rọ̀ ti rí láàrin ènìyàn náà ló rí láàrin géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ọdọọdún ni tuntun ń jáde, tí àwòrán wọn ń dán bí ìgbà tí ènìyàn ń wo sinimá. Síbẹ̀, ọ̀kan wà tó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe é, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò gbà kí ó di ohun ìgbàgbé. StarCraft ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni ohun tí àwọn tó ń gbá a ń jiyàn lé lórí, nítorí pé nínú iyàn wọn ni òbí ti lè mọ ohun tó gbà ọmọ rẹ̀ lọ́kàn nígbà tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò sì dáhùn ìpè.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Blizzard Entertainment ti ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé StarCraft jáde. Kí ọdún náà tó parí ni àfikún rẹ̀, Brood War, tẹ̀lé e. Ìtàn ọjọ́ iwájú ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 500 ọdún sí ìgbà tí a wà yìí, ní ibi tó jìnnà réré sí ayé wa láàrin àwọn ìràwọ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ń bá ara wọn jagun níbẹ̀. Àwọn Terran jẹ́ ọmọ ènìyàn bíi tiwa, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n lé kúrò láyé; ìbọn àti ọkọ̀ ogun ni wọ́n gbójú lé, àwọn ilé wọn kan tilẹ̀ lè gbéra nílẹ̀ kí wọ́n fò lọ síbòmíràn. Àwọn Protoss jẹ́ ẹ̀dá àtayébáyé tí ìmọ̀ wọn jinlẹ̀. Ọmọ-ogun wọn kì í pọ̀, wọ́n sì gbówó lórí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè dá ẹni méjì mẹ́ta dúró. Àwọn Zerg ní tiwọn dà bí ìjàlọ: wọ́n ń jáde láti inú ẹyin, owó táṣẹ́rẹ́ ni a fi ń ní wọn, bí ọgọ́rùn-ún bá sì kú nínú wọn, ọgọ́rùn-ún mìíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó bá jókòó sídìí géèmù yìí ni baálẹ̀, òun ni balógun, òun náà ni akápò. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò máa wa òkúta aláwọ̀ búlúù, wọn yóò sì máa fa gáàsì láti inú ilẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kó wálé ni a ó fi kọ́lé, tí a ó sì fi ní ọmọ-ogun. Òkùnkùn bo gbogbo ibi tí ojú àwọn ènìyàn rẹ kò tó, nítorí náà o kò lè mọ ohun tí ọ̀tá ń gbìmọ̀ àfi bí o bá rán amí. Nínú ayò tiwa, bí mo bá ta tán, mo ní láti dúró kí ìwọ náà ta tìrẹ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀ta ráyè fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú StarCraft, kò sí pé ó kàn ọ́ tàbí ó kàn mí. Bí o ti ń ronú lọ́wọ́ ni ọ̀tá ń kọ́lé lọ́wọ́, bí o bá sì tẹjú mọ́ ogun tó ń lọ ní iwájú jù, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ní ilé lè máa dúró láìṣe nǹkan kan.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ láàrin àwọn tó ń gbá a ni ti ìdọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ eré, ohun kan náà ni wọ́n fún ẹni méjèèjì. Ihò mẹ́fà ni tèmi, ihò mẹ́fà ni tìrẹ. Níhìn-ín, ẹ̀yà mẹ́ta tí kò jọra rárá ló dojú kọ ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ní kí ó dọ́gba. Ohun tó ti di ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu láàrin wọn ni pé Terran máa ń rọ́wọ́ mú díẹ̀ lórí Zerg, Zerg lórí Protoss, Protoss lórí Terran, bí ẹni ń yí òbìrí. Bí ẹni tó ń lo Protoss bá pàdánù, yóò ní àwọn Zerg ti pọ̀ jù. Bí ẹni tó ń lo Terran bá pàdánù, yóò ní iṣẹ́ ọwọ́ tòun ló le jù láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà fún un. Ẹni tó bá borí ní tirẹ̀ kì í sọ pé ẹ̀yà òun ló lágbára. Ọgbọ́n òun ni yóò máa yìn.

Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí wọ́n ṣe rí ojútùú sí i. Láti ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà kò ti fọwọ́ kan agbára àwọn ọmọ-ogun inú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀yà kan bá fẹ́ máa jẹ gàba, àwọn tó ń ṣètò ìdíje kì í bẹ ilé-iṣẹ́ náà kí ó yí òfin padà. Ilẹ̀ ogun ni wọ́n ń tún ṣe. Wọn á sọ afárá kan di tóóró, wọn á sún òkè kan sẹ́yìn, wọn á gbé gáàsì jìnnà sílé. Òfin dúró síbi tó wà, ọ̀nà ni wọ́n tún là. Nítorí èyí ni àwọn àgbà nínú wọn ṣe ń sọ pé kò sí ẹni tó lè fi ẹjọ́ ìpàdánù rẹ̀ sun olùṣe géèmù. Ohun tí ẹlòmíràn fi borí lánàá ṣì wà nílẹ̀ fún ọ lónìí.

Àríyànjiyàn kejì ló le jù, òun sì ni mo rò pé ó kan ìgbésí ayé wa. Nínú StarCraft àtijọ́, ọmọ-ogun 12 péré ni o lè pè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá ní 100, o ní láti dá wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí o pàṣẹ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí o bá ní ilé ìgbọmọ-ogun mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o ó máa tẹ̀ wọ́n. Òṣìṣẹ́ tuntun tó bá jáde yóò dúró gbagidi títí o ó fi rán an níṣẹ́. Nígbà tí StarCraft II jáde ní oṣù Keje, ọdún 2010, wọ́n mú gbogbo ìnira wọ̀nyí kúrò. Ẹnìkan lè fi ìka kan darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, òṣìṣẹ́ sì ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a bá ti fi ibi iṣẹ́ hàn án.

Níbí ni ilé ti pín sí méjì. Apá kan sọ pé ìtẹ̀síwájú nìyẹn, pé ogun ọgbọ́n kò yẹ kó di ogun ìka ọwọ́, àti pé kò sídìí tí a ó fi máa jìyà nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà 1998 gbà. Apá kejì sọ pé inú ìnira yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Wọ́n ní kì í ṣe òkúta àti gáàsì nìkan ni ènìyàn ń ṣọ́ ná nínú StarCraft. Àfiyèsí rẹ̀ pàápàá jẹ́ owó tó ń ná. Gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá tí o fi wo iwájú ogun ni o kò fi wo ilé. Ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kí òun fi sílẹ̀, tí kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, òun ni ọ̀ta. Nígbà tí wọ́n tún géèmù àtijọ́ náà ṣe ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, àpá kejì yìí ni wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu: àwòrán àti ohùn rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, òfin ọmọ-ogun 12 kò yí.

Èmi náà wà pẹ̀lú apá kejì. Kì í ṣe pé ìnira lásán dára. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ìnira tó ń fi nǹkan kọ́ni àti ìnira tó kàn ń dáni lágara. Ìyá tó ń se ọbẹ̀, tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ, tó sì ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù mọ ohun tí àwọn agbágéèmù wọ̀nyí ń wí. Kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó ní láti yan èyí tí yóò jóná díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ jù lọ láyé ni Gúúsù Kòríà. Lẹ́yìn tí ọrọ̀-ajé ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1997, ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PC bang bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní àdúgbò gbogbo, íntánẹ́ẹ̀tì tó yára sì ń tàn kálẹ̀. StarCraft ni ọ̀dọ́ ń gbá níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Kò pẹ́ tí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdíje rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń gba olùdíje síṣẹ́ bí ẹni gba agbábọ́ọ̀lù. Lim Yo-hwan, tí wọ́n mọ̀ sí BoxeR, di olókìkí débi pé ọba Terran ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2004, wọ́n gbá àṣekágbá ìdíje kan ní etí òkun Gwangalli ní ìlú Busan, wọ́n sì fojú bu àwọn òǹwòran sí 100,000. Nítorí pé dandan ni iṣẹ́ ológun fún ọkùnrin ilẹ̀ náà, iléeṣẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ agbágéèmù tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2007.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka èrò àwọn tó ń gbá géèmù, ẹ má jẹ́ kí a ka ti ẹni tó borí nìkan. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ilé kan náà ni àwọn olùdíje ń gbé pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì máa ń fi wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dánra wò lójúmọ́. Fún ẹnìkan tó di BoxeR, ọ̀pọ̀ ló wà tó fi ìgbà èwe wọn ṣe é tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ní ọdún 2010, àṣírí tú pé àwọn olùdíje kan gba owó kí wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù fún àǹfààní àwọn onítẹ́tẹ́. A rí àgbà ọ̀jẹ̀ nínú wọn. Wọ́n lé wọn kúrò nínú ìdíje títí ayé. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2005, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan kú ní ìlú Daegu lẹ́yìn tó ti fi nǹkan bí 50 wákàtí gbá StarCraft ní ilé kọ̀ǹpútà, tí kò sinmi ju kí ó lọ sílé ìtọ̀ àti kí ó tòògbé díẹ̀ lọ.

Ìjọba Gúúsù Kòríà gbìyànjú láti fi òfin dá sí i. Ní ọdún 2011, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láti agogo 12 òru títí di agogo 6 òwúrọ̀. Òfin náà lò tó ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì wọ́gi lé e nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé òbí tàbí ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún àkókò tó fẹ́ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Lédè mìíràn, ọ̀rọ̀ náà padà sílé. Ilé ló sì yẹ kó wà, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Kí ni ilé lè ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé. Ọmọ tó bá lè sọ ìdí tí òun fi pàdánù, tó sì sọ ohun tí òun yóò ṣe lọ́tọ̀ lọ́la, ń ronú. Èyí tí kò lè sọ nǹkan kan ju pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lọ ṣì nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Èkejì, ẹ fi iye ìdíje dá àkókò fún un, ẹ má fi aago nìkan dá a. Ìdíje StarCraft kan sáà máa ń parí láàrin ìdajì wákàtí, ẹni tó bá sì já kúrò láàrin rẹ̀ ti pàdánù nìyẹn. Bí òbí bá pa kọ̀ǹpútà lójijì, ìbínú ni yóò kù nílẹ̀. Bí ó bá sọ pé ìdíje méjì péré, tí ọmọ sì pa á mọ́, ọmọ náà ti kọ́ bí a ti ń mú ìlérí ṣẹ. Ẹ̀kẹta, ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ tó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ṣe géèmù yìí fún, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ogun inú rẹ̀. Ẹ má gbé e fún ọmọ kékeré nítorí pé láti ọdún 2017 ni ti àtijọ́ náà ti di ọ̀fẹ́.

Àṣà kan wà láàrin àwọn tó ń gbá StarCraft tó yẹ kí gbogbo ọmọ kọ́. Bí ẹnìkan bá ti rí i pé ogun ti ṣẹ́ òun, kò ní dúró kí wọ́n wó gbogbo ilé rẹ̀ tán. Yóò tẹ lẹ́tà méjì, «gg», ìyẹn ni pé eré náà dára, yóò sì jáde. Ẹni tó pàdánù ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá jáde láìsọ ọ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kà á sí. Nínú gbogbo àríyànjiyàn wọn lórí ẹ̀yà tó lágbára àti èyí tó ń rẹ́ni jẹ, kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí èyí.