Ẹ má jẹ́ ká sọ Egúngún ilé wa di ti Venice

  

Ẹ ti rí fọ́tò tí ẹnì kan gbé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti àwọn òyìnbó tó wọ aṣọ àrán àti ìbòjú funfun ní Venice, ní Ìtálì. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ sí i rẹpẹtẹ. Ẹnì kan ní "ẹ wo eégún gidi." Òmíràn ní tiwa nílé, ìwà ará oko ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí ni pé kí ẹgbẹ́ wa dá owó jọ, ká kọ́ sítéèjì sílé, ká fi igi yí ojú agbo ká, ká máa ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí ọdún Egúngún lè dà bíi ti Venice. Wọ́n ní a máa dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, torí mo ti dé ibẹ̀. Bàtà ni mò ń tà, ẹ mọ̀ mí. Láàárín Padova àti Venice, lẹ́bàá odò Brenta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe bàtà aláwọ tó dáa, ibẹ̀ ni mo ti máa ń ra èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn. Láti Padova, ọkọ̀ ojú irin ò pẹ́ tó fi ń dé Venice. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjà ti gbé mi débẹ̀ nígbà carnival, nínú oṣù kejì, nígbà tí òtútù wọn máa ń jẹ́ kí ti Jos yìí dà bí eré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dáa. Ìlú náà rẹwà. Erékùṣù kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi afárá so pọ̀, afárá yẹn sì lé ní 400. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ọkọ̀ ojú omi ni bọ́ọ̀sì wọn, òun ló ń kó ilẹ̀, òun náà ló ń gbé òkú lọ sí ìtẹ́. Tó o bá jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, omi ńlá ni wàá kọ́kọ́ rí níwájú rẹ. Àwọn tó wọ ìbòjú á máa rìn jẹ́jẹ́ ní gbàgede San Marco, wọ́n á dúró kó o yà wọ́n, wọn ò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò na ẹnikẹ́ni. Lórí ìyẹn wọ́n sàn jù wá lọ, mo ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé àwọn kan ló jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ní ká ṣe carnival kí àlejò lè máa wá, kò mọ ìtàn. Ará ìlú ló ni ín. Láti 1296 ni ìjọba wọn àtijọ́ ti fi ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ní 1436, àwọn tó ń ṣe ìbòjú ti ní òfin ẹgbẹ́ tiwọn, bí ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ ṣe ń ní. Ìbòjú kan wà tí wọ́n ń pè ní bauta. Funfun ni, ẹnu rẹ̀ yọ síwájú kí èèyàn lè jẹun kó sì mu láì ṣí i. Olówó ń wọ̀ ọ́, mẹ̀kúnnù ń wọ̀ ọ́, obìnrin náà ń wọ̀ ọ́. Tó o bá pàdé ẹni tó wọ̀ ọ́, bó jẹ́ aládùúgbò rẹ tó o mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, o ò ní dárúkọ rẹ̀, "Oníbòjú" lo máa fi kí i. Ṣé ẹ rí i pé ó jọ tiwa? Àwa náà, tí eégún bá jáde, a mọ̀ ọ́n, a ò mọ̀ ọ́n.

Ní 1797 Napoleon gba ìlú náà, ìjọba wọn tú, carnival sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó tó nǹkan bí 180 ọdún kí wọ́n tó jí i padà, ní 1979 sí 1980. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn o. Nígbà tó fi máa jí, àwọn tó ni ín ti ń kó ẹrù.

Ní 1951, àwọn tó ń gbé àárín ìlú Venice, lórí omi yẹn gan-an, tó nǹkan bí 175,000. Ní 2022 wọn ò pé 50,000 mọ́. Ilé ìtajà oògùn kan wà nítòsí afárá Rialto, wọ́n gbé nọ́ńbà iye èèyàn tó ṣẹ́ kù sójú fèrèsé, bí àwọn aṣẹ́wó dọ́là ṣe ń gbé iye tọjọ́ náà síta. Mo dúró wò ó. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń ka èémí aláìsàn. Ní 2023, àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà kà á, wọ́n ní ibùsùn tí wọ́n fi ń gba àlejò ti pọ̀ ju ará ìlú lọ. Ẹ tún un kà. Bẹ́ẹ̀dì àlejò ju ọmọ onílé lọ.

Kí ló fà á? Lára ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé. Onílé rí i pé owó tí ayálégbé máa san lóṣù kan, àlejò lè san án láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ló bá ní kí ayálégbé máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Mestre, lórí ilẹ̀, níbi tí owó ilé ti rọjú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin wá láàárọ̀ láti gbé oúnjẹ fún àlejò, láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò, nínú ilé tí bàbá wọn ti bí wọn.

Èmi oníṣòwò, ìsọ̀ ni mo máa ń wò níbikíbi tí mo bá dé. Okùn báàgì mi já, mo wá ẹni tó máa bá mi rán an, mo rìn títí. Ìbòjú ni mò ń rí, ìsọ̀ dé ìsọ̀, òpòòròpọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ láti China. Àwọn tó ń fi bébà àti lẹ́ẹ̀ ṣe é lọ́wọ́ bí ti àtijọ́ ṣì wà, àmọ́ owó ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ń san pẹ̀lú ẹni tó ń ta oníke. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ òkè, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ ti rí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀.

Ta ló wá wà lábẹ́ ìbòjú wọ̀nyẹn? Mo bá mẹ́rin sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí a jọ gbọ́. Méjì wá láti Faransé, ọ̀kan láti Jámánì. Ọ̀kan nínú wọn ní òun háyà aṣọ náà ni. Ẹni kẹrin, ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Venice ni. Ó ní Mestre lòun ń gbé báyìí.

Ẹ máa ní owó ń wọlé. Ó ń wọlé! Ọkọ̀ gondola, 90 yúrò fún ìdajì wákàtí. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì orí omi, 9.50 yúrò, kò sì ju ìṣẹ́jú 75 lọ. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5 yúrò lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn síbẹ̀, láwọn ọjọ́ kan tí èrò máa ń pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìlú kan jáde láti fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ìlú àwọn kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ń sanwó wọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń dun ọmọ onílé níbẹ̀ ni ẹ̀yin ń pè ní ọ̀làjú níbí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Yálà Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, tàbí Ọ̀ffà, tàbí Ìwó, ẹ̀kú ò dá rìn rí. Agbo ilé ló ni ín. Ẹnì kan ni yóò gbé e, àwọn kan ni yóò lu ìlù sí i, àwọn ìyàwó ilé ni yóò kì í tí orí rẹ̀ yóò fi wú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ sítéèjì, ilé tí ẹ kọ́ sílé ńkọ́? Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kọkànlá. Ẹ̀ṣọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú ló ń sùn nínú ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bí ní Jos ò mọ oríkì ilé yín, bí wọ́n bá kì í, á máa wo ẹnu ẹni tó ń kì í. Ta ló máa wọ ẹ̀kú fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ máa háyà èèyàn ni.

Ẹnì kan tún sọ níbí pé ìbọ̀rìṣà ni Egúngún, bẹ́ẹ̀ ìbòjú Venice ló fi ṣe fọ́tò orí Facebook rẹ̀ di òní. Mùsùlùmí ni mí, n kì í bọ eégún. Mi ò sì lè pe ohun tó so agbo ilé bàbá mi pọ̀ ní ìwà ará oko torí pé kò wọ àrán.

Ọ̀rọ̀ pàṣán tí mo ní mo máa padà sí: ẹni tó bá na ọlọ́kadà tàbí ìyá arúgbó torí eégún ń kọjá, kí ọlọ́pàá gbé e. Àwọn baálé àti Alágbàáà ló yẹ kó fòfin dè é, wọ́n sì ti jáfara jù. Ìyẹn ò ní kí a ta tíkẹ́ẹ̀tì kó tó ṣeé ṣe.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Ní 1969, Ghana ní kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílùú àwọn. Àwọn bàbá wa tó wà níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ẹjìgbò, ilé ni wọ́n gbé ẹrù wá, wọ́n sì bá èèyàn nílé. Ní 2001 àti 2008 tí Jos yìí gbóná, ẹ rántí ibi tí a kó ìyàwó àti ọmọ lọ. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan dáná, ẹnì kan wá àyè sílé ìwé fún àwọn ọmọ. Bí a bá sọ ilé nù, àpò ìyà la so kọ́. Tó bá tún di pé ká sáré lọ́la, ṣé ẹ̀ṣọ́ ló máa dá ọmọ wa mọ̀?

Torí náà, ní ìpàdé yẹn, "rárá" ni ìbò mi, ẹgbẹ́ ò sì ní rí náírà mi gbà fún sítéèjì. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ná owó, kí wọ́n gba bọ́ọ̀sì méjì nígbà ìsinmi gígùn, ká kó àwọn ọmọ wa lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sùn ní agbo ilé, kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n bá àwọn ọmọ ibẹ̀ jà kí wọ́n sì parí ẹ̀. Kí a tún kànga agbo ilé tó ti bàjẹ́ ṣe. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún àyè mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Màá san tiwọn ṣáájú.